Ìwé inú agolo bisikíìtì yín, mo ti kà á

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ìka kan ìdí búrẹ́dì kí ẹ tó rà á,

Mo ti kà á. Kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, nítorí mo mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ kí èèyàn máa yí ọ̀rọ̀ ká kó tó dé ibi tó ń lọ. Ìwé tó wà nínú agolo bisikíìtì yín, èyí tí ẹ gbé ti Kùmásì ní Gánà bọ̀, tí ẹ kò fi han ẹnikẹ́ni títí ẹ fi kú, èmi ọmọ yín ni mo kà á títí dé ìlà ìparí, lójú gbogbo ilé, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Kò sí ẹni tó kà á fún mi. Ojú mi ló rí i, ẹnu mi ló pè é.

Abẹ́ igi máńgòrò ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí, pẹ̀lú káyé, ìwé tí mo fi ń kẹ́kọ̀ọ́, àti kálàmù bíkì aláwọ̀ búlúù. Nígbà ayé yín, n kò mọ̀wé. Nígbà tí ẹ lọ, àtàǹpàkò ni mo fi tẹ ìwé òkú yín ní ọ́fíìsì méérì, ilé ìjọba ìlú, ẹni tó jókòó níbẹ̀ sì fi àkísà kékeré kan nu ọwọ́ mi bí ẹni ń nu ọwọ́ ọmọdé. N kò gbàgbé àkísà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti dé, tí a bá sá gbodo sórí ẹní lẹ́yìn ilé kó lè gbẹ fún èlùbọ́, ẹ ó gbé agolo náà jáde. Ẹ ó tú ìwé náà sílẹ̀ láàárín gbodo, ẹ ó wá fi ègé iṣu gbígbẹ kọ̀ọ̀kan tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Ẹ ó jókòó tì í lórí àpótí títí oòrùn fi máa yẹ̀. Bí adìyẹ bá ń ṣa gbodo jẹ, ẹ kò ní wò ó. Ṣùgbọ́n bó bá ti kọjú sí ìwé yẹn, ẹ ó dìde. Lẹ́yìn náà ẹ ó ká a, ẹ ó dá a padà, ó tún di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ kì í sọ nǹkan kan, àwa ọmọ náà kì í béèrè.

Kí lẹ máa ń wò nínú rẹ̀, Bàbá? Nígbà yẹn mo rò pé ẹ ń kà á ni. Ní báyìí tí èmi náà ti ń kàwé, mo mọ bí ojú ẹni tó ń kàwé ṣe ń rìn. Ojú yín kì í rìn. Ibì kan náà ló máa ń dúró sí. Ẹ kò lè kà á, àbí? Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹ ń sá ohun tí ẹ kò mọ ohun tó wí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo jẹ yín. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ọmọ kan sọ fún mi létí kànga pé gbogbo àwọn tó ti Gánà dé, ìjọba ló ní kí wọ́n máa lọ nítorí pé àlejò ni wọ́n, ṣùgbọ́n pé ti bàbá tèmi yàtọ̀. Ó ní ọ̀gá yín ló lé yín lẹ́nu iṣẹ́ kí ìjọba tó sọ̀rọ̀ rárá, pé ẹ jalè nílé búrẹ́dì tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, pé ìwé ìléni ló wà nínú agolo. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà wálé bí ẹni gbé omi. A ń jẹun lọ́wọ́ ni mo bi yín.

“Bàbá, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n lé yín?”

Ẹ dá òkèlè tó wà lọ́wọ́ yín padà sínú àwo. Ẹ fọ ọwọ́. Ẹ dìde. Ìyá mi gbá mi létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló dùn mí jù. Òkèlè yẹn ni, bó ṣe jókòó sínú àwo tí àmì ìka yín wà lára rẹ̀. N kò tọrọ àforíjì títí ilẹ̀ fi gbà yín. Mò ń tọrọ rẹ̀ báyìí.

Lẹ́yìn yín, ọ̀dọ̀ Dáníẹ́lì àbúrò mi ni agolo náà wà. Ó gbé e sí àjà ilé àtijọ́, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Bí mo bá ti ní ká wá ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kó bá wa kà á, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí Bàbá sùn.” Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Òun náà gba ohun tí ọmọ etí kànga sọ gbọ́, ẹ̀rù ló ń bà á pé kó má lọ jẹ́ òótọ́ lójú ẹlòmíì. Rósàlì, ọmọ ọmọ mi tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Parakou, ní kí n jẹ́ kí òun ya fọ́tò ìwé náà, pé tẹlifóònù á túmọ̀ rẹ̀ kíá. Mo ní rárá. Ohun tí ẹ fi gbogbo ayé yín tọ́jú kúrò lójú àjèjì, n kò ní gbé e fún tẹlifóònù.

Ìdí tí mo fi wọ kíláàsì nìyẹn, Bàbá. Àwọn obìnrin àdúgbò wa ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́rú àti ọjọ́ àbámẹ́ta, nínú yàrá ilé ìwé kan tí àwọn ọmọdé ti kúrò. Èdè tiwa la kọ́kọ́ kọ́ láti kà. Nígbà tí a kà á tán, Mẹ́tírẹ́ẹ̀sì, bí a ṣe ń pe olùkọ́ wa, ọmọdébìnrin kan tó ti Ṣábẹ̀ wá, béèrè èdè tó kàn. Ọ̀pọ̀ ní Faransé. Àwọn tó ń ta kajú fún àwọn ará Nàìjíríà ní Gẹ̀ẹ́sì. Èmi tí n kò ní igi kajú kan ṣoṣo ni mo kọ́kọ́ nawọ́ fún Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. N kò sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.

Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó le. Mẹ́tírẹ́ẹ̀sì ní kí a kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí páálí, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohun tó ń jẹ́. Mo lẹ “table” mọ́ tábìlì, mo lẹ “door” mọ́ ilẹ̀kùn, mo lẹ “pot” mọ́ ìkòkò, ó sì jóná. Ìgbà tó kan “run”, tí Mẹ́tírẹ́ẹ̀sì ní sísáré ni, mo wò yíká ilé, n kò rí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ àfi ewúrẹ́ mi. Mo so páálí náà mọ́ ọn lọ́rùn. Ó sáré lóòótọ́. Ó sáré gba ọjà kọjá, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jó lọ́rùn rẹ̀, ó sì jẹ “table” nígbà tó padà dé. Látìgbà náà ni Dáníẹ́lì ti ń kí mi pé, “Ẹ̀gbọ́n Òyìnbó, akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ńkọ́?”

Lọ́sẹ̀ kejì, Mẹ́tírẹ́ẹ̀sì kọ gbólóhùn mẹ́ta sójú pátákó. “The water runs.” “The road runs to Parakou.” “She runs a shop.” Mo jókòó, mo ń wò ó. Omi kò ní ẹsẹ̀. Ọ̀nà Parakou ò kúrò lójú kan látìgbà tí mo ti dáyé. Obìnrin tó sì ń sáré nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ló ń lé e? Ọ̀rọ̀ tí mo rò pé mo ti mú, tí mo ti so okùn mọ́ lọ́rùn, ti já. Mo padà sílé, mo sọ fún Rósàlì pé n kò lọ mọ́, pé àwọn elédè yìí kò ní òótọ́.

Ẹ̀yin lẹ dá mi padà. Ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ẹnì kan gbé èèbù iṣu wá sí ẹnu ọ̀nà mi kí n rà á, ó pe orúkọ irú iṣu tó jẹ́ fún mi, ohun tí mo sì sọ jáde lẹ́nu kí n tó ronú ni ohun tí ẹ máa ń sọ: “Níbo ló ti hù?” Mo rí yín níwájú mi. Nígbà tí ẹ fi iṣu títà ṣòwò, ẹ kì í gba orúkọ tí èèyàn bá pe iṣu tí wọ́n ti gé, tó wà lọ́wọ́ lásán. Ẹ ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko Bétérou tàbí Tchatchou, ẹ ó wo ebè tó ti jáde, igi tí ìtàkùn rẹ̀ gùn, ohun tí wọ́n gbìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe mu omi sí. Ìgbà yẹn lẹ tó máa ń sọ pé irú báyìí ni. Ẹ kì í sì í ṣì í.

Mo padà sí kíláàsì lọ́jọ́rú. Mo sọ fún Mẹ́tírẹ́ẹ̀sì pé mi ò fẹ́ ọ̀rọ̀ gígé mọ́, kó máa fún mi tòun ti ebè rẹ̀. Kò kọ́kọ́ yé e. Mo ṣàlàyé. Ó wò mí títí, ó ní, “Màmá, ọdún mẹ́ta ni mo lò ní yunifásítì kí ẹnì kan tó sọ ìyẹn fún mi.” Bàbá, mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn wálé bí ẹni ra aṣọ tuntun. Mo ya àwọn páálí kúrò lára nǹkan. Nínú káyé mi, gbólóhùn odindi nìkan ni mo ń kọ. Bí mo bá bá ọ̀rọ̀ kan pàdé, mo máa ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: ta ló dúró lápá ọ̀tún rẹ, ta ló dúró lápá òsì? Bí “run” bá dúró ti omi, ó ń ṣàn ni. Bó bá dúró ti ọ̀nà, ó ń lọ síbì kan ni. Bó bá dúró ti ṣọ́ọ̀bù, òun ló ń darí rẹ̀. Kò purọ́ fún mi rí lẹ́yìn ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tó le. Lọ́dún yìí, Dáníẹ́lì ń pààrọ̀ òrùlé ilé àtijọ́. Ó gbé agolo yín sọ̀kalẹ̀ láti àjà. Ó ní igi àjà tí ikán ti jẹ, òun máa dáná sun ún, òun á sì ju ìwé náà sí i, kí ọ̀rọ̀ yìí tán kí àwọn ọmọ wa má baà jogún rẹ̀.

Mo ní, “Má sun ún. Màá kà á.”

“Ẹ̀yin?” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. “Ẹ̀gbọ́n, Gẹ̀ẹ́sì ewúrẹ́ kọ́ ló wà níbẹ̀ o.”

“Gẹ̀ẹ́sì ọ̀gá Bàbá ni. Màá kà á.”

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, “Tó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń sọ ló wà níbẹ̀ ńkọ́?”

Rósàlì pè mí sẹ́yìn ilé, ó ní, “Ìyá àgbà, ẹ kọ́kọ́ kà á nínú yàrá. Tó bá dáa, ẹ pe gbogbo èèyàn. Tí kò bá dáa, ẹ ní ìkọ̀wé náà ti ṣá, kò ṣeé kà mọ́. Ta ló máa mọ̀?” Ọmọ ọlọ́gbọ́n ni. Mo fẹ́ gbà fún un. Mo tiẹ̀ ti gba agolo náà lọ́wọ́ Dáníẹ́lì, mo ti ń lọ sí yàrá.

Ìrántí òkìtì iṣu yín ló dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ mọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń to iṣu sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fún àwọn tó ń ti Cotonou wá: èyí tó dáa lókè, èyí tí ọkọ́ ti gé tàbí tó ti ń rà, nísàlẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń to tiyín sódì. Èyí tó ní ọgbẹ́ lẹ máa ń fi sókè, kí oníbàárà kọ́kọ́ rí i. Wọ́n ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri Tchaourou, pé ọkùnrin yìí ò mọ ọjà tà. Ẹ kò sì yí i padà. Báwo ni èmi ọmọ yín ṣe máa wá lọ to tiyín sí yàrá, kí n fi ọgbẹ́ pamọ́ sísàlẹ̀? Mo yí padà. Mo ní kí wọ́n sọ fún gbogbo ilé pé lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú, níta gbangba, ni màá kà á, n kò sì ní tú u wò ṣáájú. Ohun tó bá wà níbẹ̀, ká jọ gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Àìkú pé. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì síta. Mẹ́tírẹ́ẹ̀sì wá, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé bí mo bá tiẹ̀ ṣubú, kó má gbé mi dìde. Dáníẹ́lì dúró lẹ́yìn, kò jókòó. Mo sá gbodo díẹ̀ sórí àtẹ níwájú mi, mo tú ìwé náà lé e, mo fi ègé iṣu mẹ́rin tẹ igun rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ìkọ̀wé obìnrin ni, ti ọ̀gá yín tó ni ilé búrẹ́dì, orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀; àwọn lẹ́tà rẹ̀ di ara wọn lọ́wọ́ mú.

Ìlà àkọ́kọ́, n kò lè kà á tán. Mo sọ bẹ́ẹ̀ sókè. Mo ní, “Èyí kọjá mi,” mo sì lọ sí èyí tó kàn. Orúkọ yín ló wà níbẹ̀, Bàbá. Orúkọ yín ní Gẹ̀ẹ́sì, tó jókòó dáadáa.

Lẹ́yìn orúkọ náà, ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú léraléra: “kept”. Nínú káyé mi àkọ́kọ́, nígbà tí mo ṣì ń gé ọ̀rọ̀ kúrò lórí ebè, “pamọ́” ni mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. N kò sáré. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. “He kept the oven.” Ààrò búrẹ́dì ló dúró tì í. Mo ní, “Òun ló ń tọ́jú ààrò, iná kò kú lọ́wọ́ rẹ̀.” “He kept the keys.” Mo ní, “Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ilé búrẹ́dì máa ń wà.” Mo gbọ́ tí Dáníẹ́lì mí sókè. Ta ló ń fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tó ń jalè lọ́wọ́? Mo tẹ̀síwájú. Obìnrin náà ní nígbà tí òun wà ní ọsibítù, “he kept my children”. Mo ní, “Ó bá mi bójú tó àwọn ọmọ mi.” Ó ní “he kept his word”. Mo ní, “Ohun tó bá ti sọ, ó máa ń ṣe é.” Ó ní “he kept us laughing”.

Mo dúró níbẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà á gbọ́. Mo ní, “Kò jẹ́ kí ẹ̀rín tán lẹ́nu wa.”

“Bàbá?” Dáníẹ́lì ló sọ̀rọ̀. “Bàbá wa yìí?”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, torí kò sẹ́ni tó rí eyín yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Bàbá, kí lẹ máa ń sọ fún wọn ní Kùmásì? Kí ló dé tí ẹ kò gbé díẹ̀ bọ̀ fún wa? Àbí òkèlè ọjọ́ yẹn ló gbé e lọ?

Ó ku ìlà kan. Òun ló kúrú jù, òun ló sì gba ẹnu mi pẹ́ jù. Obìnrin náà kọ ọ́ pé ìjọba ní kí àwọn àlejò máa lọ, lẹ́yìn náà ló wá kọ ọ́ pé, “I would have kept him.” Ọ̀rọ̀ kan náà nìyẹn tún dé, ẹ̀ẹ̀kẹfà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá òsì, obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló dúró. Lápá ọ̀tún, ẹ̀yin ni. Kò sí ààrò, kò sí kọ́kọ́rọ́. Mo gbé orí sókè, mo sọ ọ́ fún wọn ní èdè wa: “Ká ní ọwọ́ mi ló wà ni, n kì bá tí jẹ́ kó lọ.”

Mẹ́tírẹ́ẹ̀sì mi orí fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn nìkan ló ṣe. Dáníẹ́lì rìn wá síwájú, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní kí n kà á ní Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, òun tí kò gbọ́ ẹyọ kan. Mo kà á. Ó jókòó sórí ilẹ̀ nídìí àtẹ náà, ó sì fi ọwọ́ lé adìyẹ kan tó ń bọ̀ nítòsí ìwé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Obìnrin kan tí a jọ dàgbà gbé àpótí wá, ó ní kí n kà á fún òun náà. N kò bi í bóyá ó rántí ọ̀rọ̀ etí kànga. Mo kà á fún un tayọ̀tayọ̀, mo sì rí i pé kò lè wo ojú mi. Títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú, mo ti kà á ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Ẹ kò mọ bó ṣe dùn tó kí àgbà obìnrin gbé ohùn rẹ̀ sókè ka orúkọ bàbá rẹ̀ láàárín ìlú. Mẹ́tírẹ́ẹ̀sì ti ní bí kíláàsì àwọn tuntun bá bẹ̀rẹ̀, èmi ni màá jókòó ti àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀. Mo ti sọ fún un pé kò sẹ́ni tó máa so páálí mọ́ ewúrẹ́ lójú mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Dáníẹ́lì mú búrẹ́dì wá fún mi láti ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti máa ń dúró nígbà tiyín. Kó tó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó yí ìdí rẹ̀ sókè, ó fi ìka kàn án, ó tẹ́tí. N kò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní, “Ó jinná.”

Igi àjà tí ikán jẹ ti jóná. Agolo yín wà lórí tábìlì mi, kò wà lájà mọ́. Mo bi yín ní ìbéèrè kan nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ẹ kò dáhùn, bóyá nítorí pé ẹ̀yin náà kò mọ èsì rẹ̀. Ó ti tó àkókò kí ẹni tó béèrè dáhùn fúnra rẹ̀. Rárá, Bàbá. Wọn kò lé yín lẹ́nu iṣẹ́. Wọn kò fẹ́ kí ẹ lọ.

Ẹ padà sídìí àwo yín, ẹ mú òkèlè yín, ẹ jẹun yó.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó fi àtàǹpàkò sin yín, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ èyí.